Ọwọ́ Mi Ni Mo Fi Tẹ Eyín Bọ́ọ̀dù Tiba Wọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ bú mi. Kò sí èébú tí mi ò tíì fi bú ara mi.

Sarmad lorúkọ mi. Ọmọ Baghdad ni mí. Mo gboyè nínú iṣẹ́ iná mànàmáná, mi ò sì ríṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bíi tèmi fi pàgọ́ síwájú iléeṣẹ́ ìjọba kan, tí à ń jókòó síbẹ̀ láràárọ̀ nínú oòrùn, tí à ń béèrè ẹ̀tọ́ wa. Ọwọ́ mi ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa ń wà. Inú ló ń bí mi nígbà náà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́.

Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, màá sáré lọ sí Òpópónà Sinaa, níbi tí gbogbo ìlú ti ń ra kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá Bàbá Sinan to kọ̀ǹpútà fáwọn oníbàárà. Mo tún ní ojú-ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ń tẹ̀ lé. Àṣírí àwọn oníjìbìtì ọjà wa ni mò ń tú níbẹ̀: ẹni tó ta àlòkù lórúkọ tuntun, ẹni tó yọ nǹkan gidi nínú kọ̀ǹpútà oníbàárà tó fi gbàrọgùdù rọ́pò ẹ̀. Mo máa ń dárúkọ wọn. Mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí.

"Ẹnjiníà," Bàbá Sinan pè mí lọ́jọ́ kan, ó ń ro ṣúgà inú tíì rẹ̀. Tó bá ti pè mí báyìí, ẹ̀sín ló fẹ́ fi mí ṣe. "Ìwé ẹ̀rí tí màmá ẹ fi há ara ògiri yẹn, ṣé ó lè ta bọ́ọ̀dù?"

"Bọ́ọ̀dù wo, Bàbá Sinan?"

Ó fi ẹsẹ̀ ta páálí kan lábẹ́ káńtà. "Àwọn arúgbó yìí. Ìran keje. Mo rà wọ́n nígbà tí ojú ń kán mi. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè tuntun báyìí, kò sẹ́ni tó ń wojú wọn."

"Kí n máa parọ́ fáwọn èèyàn?"

"Ta ló dárúkọ irọ́? Mo ní kí o tà á." Ó mu tíì díẹ̀. "Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní àdúgbò Karrada. Mò ń wá ẹni tí màá kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fún. Ẹni tó bá bá mi kó páálí yìí kúrò nílẹ̀, òun ni."

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nílé rí lẹ́yìn yunifásítì, tí ìyá yín ń rọra ti ilẹ̀kùn kó má bàa jí yín nítorí kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí mo gbọ́. Mi ò lè jókòó. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù títí Bàbá Sinan fi ní mò ń fi atẹ́gùn fẹ́ eruku lé òun lórí.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Tiba wọlé.

Tiba ni ọ̀rẹ́ mi nínú àgọ́. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló kà. Ọjọ́ tí wọ́n fi omi lé wa kúrò níwájú iléeṣẹ́ ìjọba, òun ló fi ọrùn ẹ̀wù fà mí kúrò lábẹ́ ọkọ̀ omi náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ńṣe ló ń fò fáyọ̀.

"Sarmad, wọ́n pè mí! Iléeṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé kan ní Karrada. Wọ́n ní kí n ya ilé ìwòsàn kékeré kan, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kí n gbé e wá kó tó di aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Tí mo bá ṣe é, àga ti wà fún mi."

"Tó ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Àwa mẹ́ta ni wọ́n fún. Ẹni tó bá ṣe é ni wọ́n máa mú." Ó tú ìbọ̀sẹ̀ kan sórí káńtà. "Kọ̀ǹpútà àbúrò mi kò lè gbé irú àwòrán yẹn, ńṣe ló máa ń kú pi. Bọ̀dá mi tó wà ní Sweden fi èyí rán ẹnì kan sí mi. Mo ti gbé àpótí kọ̀ǹpútà àtàwọn ẹ̀yà yòókù wá, bọ́ọ̀dù nìkan ló kù tí màá fi gbé e."

Púrósẹ́sọ̀ ló wà nínú ìbọ̀sẹ̀ náà. Ìran kẹsàn-án. Ó ń dán gbinrin.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Púrósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò tóbi ju bisikíìtì lọ. Bọ́ọ̀dù ni pátákó ńlá tí wọ́n ń gbé e lé. Ìjókòó rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù ní àwọn eyín wúrà tín-ín-tìn-tín, ẹgbẹ̀rún kan ó lé mọ́kànléláàádọ́jọ. Bọ́ọ̀dù ìran keje àti ti ìran kẹsàn-án, iye eyín kan náà ni wọ́n ní. Tó o bá gbé púrósẹ́sọ̀ tuntun lé bọ́ọ̀dù àtijọ́, á jókòó wẹ́kú, irin ìdè á sì tì. Ojú lásán ò lè rí i pé nǹkan kan ṣe é. Àmọ́ bọ́ọ̀dù àtijọ́ ò mọ púrósẹ́sọ̀ tuntun rí. Fáànù á máa yí, ojú kọ̀ǹpútà á sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Mo mọ èyí. Èmi ni mo kọ ọ́ sójú-ewé mi kí àwọn èèyàn lè ṣọ́ra.

"Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán ní òpópónà yìí," Tiba ní. "Àwọn tó kù, tí wọ́n bá ti rí obìnrin, wọn á ní kí n ra èyí tó ń tan iná pupa."

"Jókòó. Màá fún ẹ ní èyí tó bá a mu."

"Dáadáa?"

"Bí ìbọ̀sẹ̀ tó o fi wé e."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fa bọ́ọ̀dù kan yọ nínú páálí Bàbá Sinan.

Kí ni mò ń rò? Mo ti wo fídíò ọkùnrin kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó yí ìlànà inú bọ́ọ̀dù àtijọ́ padà, tí bọ́ọ̀dù náà fi gba púrósẹ́sọ̀ tuntun. Ohun tí mo fi tan ara mi nìyẹn. Mo ní èmi náà á ṣe é, ẹnjiníà ṣáà ni mí. Àmọ́ ẹni tó gba ara rẹ̀ gbọ́ kì í sá fún ìdánwò, èmi sì ti ń wá bí mo ṣe máa sá.

Nítorí àṣà kan wà ní òpópónà wa. Kọ̀ǹpútà kì í kúrò lórí káńtà láìjẹ́ pé oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí àwòrán lójú ẹ̀. Táwòrán bá ti yọ, oníbàárà á pàtẹ́wọ́, a ó mu tíì. Ṣọ́ọ̀bù tó bá fo èyí, ojú-ewé mi ló máa bá ara ẹ̀.

Gbogbo wa la sì mọ̀ pé iná ìjọba máa ń lọ ní aago kan ọ̀sán géérégé. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò máa ń tó bí ogún ìṣẹ́jú kó tó gbà á. Mo wo aago. Aago méjìlá ti kọjá dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ̀ǹpútà Tiba, mo sì rọra ń tò ó. Mo nu ohun tí kò ní ìdọ̀tí. Mo wá ìdè onísíkúrù tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ìpara funfun tó ń gbé ooru lé orí púrósẹ́sọ̀, mo nù ún, mo tún fi òmíràn. Mo gbé fáànù lé e, mo dè é. Mo ń ki wáyà tó gbẹ̀yìn bọ ojú ẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn.

"Áà!" Tiba ní. "Iná ti lọ."

"Má dààmú. Ó ti parí."

"Àmọ́ a ò tíì rí àwòrán."

"Jẹnẹrétọ̀ lè pẹ́ lónìí. Ọ̀nà sì máa dí tó o bá dúró. Èmi ni mo tò ó, Tiba."

Gbólóhùn yẹn ló ṣe é. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó sì jáde lọ wọ takisí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ó ku ọjọ́ márùn-ún.

Bàbá Sinan gbé orí sókè nídìí tábìlì ẹ̀. "Ẹnjiníà, bọ́ọ̀dù ìran keje lo tà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Púrósẹ́sọ̀ wo ló gbé wá?"

"Èyí tó bá a mu."

Ó wò mí, ó sì gbé ife tíì rẹ̀.

Láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Tiba ti padà dé. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Sarmad, fáànù ń yí, kò gbé àwòrán jáde. Mo yí wáyà padà, mo yí síkírínì padà. Bóyá èmi ni mo ṣe nǹkan kan."

"Fi sílẹ̀ fún mi," mo ní. "Lọ jókòó síta, mu tíì."

Mo gbé e wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbìyànjú ohun tí ọkùnrin inú fídíò ṣe. Kò ṣiṣẹ́. Mo tún un ṣe. Kò ṣiṣẹ́. Òógùn ń kán láti imú mi sórí tábìlì. Bàbá Sinan wà lọ́ọ̀kán, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀ bó ṣe ń bá Tiba ṣàwàdà, ó ń bi í nípa ìyá ẹ̀. Tí mo bá jáde kí n ní bọ́ọ̀dù yìí ò bá a mu, kọ́kọ́rọ́ Karrada lọ. Ẹnì kan á sì gbọ́, á kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé Sarmad tó ń tú àṣírí àwọn èèyàn, òun náà rèé.

Mo tú fáànù. Mo nu ìpara. Mo ṣí irin ìdè, mo yọ púrósẹ́sọ̀. Àwọn eyín wúrà náà wà ní títò, wọ́n ń tàn, wọn ò ṣe mi ní nǹkan kan.

Òfin ọjà wa ni pé bọ́ọ̀dù tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tí eyín ẹ̀ bá wọ́, ẹni tó rà á ló ba á jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gbà á padà. Ọmọdé tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ òfin yẹn.

Mo mú ẹ̀mú kékeré. Mo wo ẹ̀yìn. Mo tẹ eyín méjì wọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní ni pé ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

"Tiba," mo pè é sábẹ́ iná, mo mú kí ohùn mi rọ̀. "Wá wo èyí. Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan inú ẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. "Eyín ló wọ́ yẹn? Kò sẹ́ni tó…" Ó gbé orí sókè. "Sójà! Níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró. Sójà kan ní kí n ṣí i, ó kọwọ́ bọ inú ẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù lé mi lórí. Mi ò tiẹ̀ ní láti wá irọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Á jẹ́ pé òun ni," mo ní.

"Èmi ni mo fà á. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án." Ó nu ojú ẹ̀. "Má bínú, Sarmad. Mo dójú tì ẹ́ níwájú ọ̀gá ẹ."

"Kò sí nǹkan."

Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Mo sì gbà á.

Mi ò sùn dáadáa, ẹsẹ̀ mi ń rìn fúnra ẹ̀ lórí ibùsùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dípò kí n dákẹ́, mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo bínú. Mo kọ ọ́ sójú-ewé mi pé sójà kan ti ba irinṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde jẹ́, pé bí ìjọba ṣe ń ṣe wá nìyí, wọn ò fún wa níṣẹ́, wọ́n tún ń ba èyí tá a fẹ́ fi wá a jẹ́. Mo fi àwòrán eyín méjèèjì sí i. Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo ń kọ ọ́, àyà mi ń gbóná, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ó tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Nínú àgọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó. Wọ́n ń gbá Tiba léjìká, wọ́n ń pe sójà náà ní ẹranko. Àwọn kan tiẹ̀ lọ síbi tó ti ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n bú u títí wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè ọ̀rọ̀ lábẹ́ ohun tí mo kọ. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fáànù wà lórí ẹ̀ nígbà tí sójà kọwọ́ bọ̀ ọ́?" Mo pa ìbéèrè náà rẹ́. Mo ti ẹni náà mọ́ta. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, mò ń yọ fóònù mi wò bóyá ẹlòmíràn ti béèrè. Nígbà oúnjẹ. Nígbà tí mo di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Nínú ilé ìwẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" Tiba bi mí. "O ò jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀."

"Inú ló ń bí mi."

"Mo mọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Mo ti dá ẹ lágara. Má bínú. Jọ̀ọ́, bá mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Hagop lọ́la. Wọ́n ní ó lè tọ́ eyín tó bá wọ́. Tí mo bá rí i lò lọ́la, màá fi gbogbo òru yà á, màá ṣì bá Ọjọ́bọ̀."

"Ọwọ́ Ọ̀gá Hagop máa ń dí. Má wulẹ̀ lọ."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n máa bọ̀. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ìwọ ni wàá ṣàlàyé fún un."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀?

Ará Armenia ni Ọ̀gá Hagop, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Àyè ẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn mẹ́rin lè dúró sí, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìtajà kan. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó di bọ́ọ̀dù. Ìgbà tá a débẹ̀ lọ́jọ́rú, àwọn oníbàárà mẹ́ta ti wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀ mí. Ọ̀kan kí mi pé, "Ajàfẹ́tọ̀ọ́ wa!" Mo dáhùn, mi ò gbọ́ ohùn ara mi.

Ọ̀gá Hagop fi awò há ojú kan, ó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù náà. Ó mú abẹ́rẹ́ kan. Ó tọ́ eyín àkọ́kọ́. Kó tó tọ́ èkejì, ó dúró.

"Ọmọ mi, ta ló gbé fáànù lé orí èyí?"

"Sarmad ni," Tiba dá a lóhùn.

"Ta ló tú u?"

"Sarmad náà ni. Lọ́jọ́ Àìkú."

"Láàárín méjèèjì ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó tú u. Mi ò tiẹ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń tú ìdè nílé."

"Ṣé sójà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyí?"

"Òun ni, Ọ̀gá."

Bàbá náà yọ awò lójú. "Fáànù wà lókè. Wọ́n fi ìdè mẹ́rin dè é. Púrósẹ́sọ̀ wà lábẹ́ fáànù, irin tì í mọ́lẹ̀. Abẹ́ púrósẹ́sọ̀ ni eyín wà. Kí ọwọ́ tó kan eyín, á kọ́kọ́ tú gbogbo ìyẹn. Kí ló gbé ọwọ́ sójà débẹ̀? Ṣé sójà ni àbí èéfín?"

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo la ẹnu. "Ọ̀gá, bóyá nínú takisí…"

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán." Ó gbé púrósẹ́sọ̀ Tiba sókè sábẹ́ iná, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. "Ìran kẹsàn-án. Bọ́ọ̀dù yìí, ìran keje. Ọmọbìnrin mi, kódà ká ní eyín ò wọ́, àwọn méjì yìí ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ láéláé. Ẹni tó tà á fún ẹ, bí kì í bá ṣe òpè, á jẹ́ pé ó mọ̀." Ó kọjú sí mi. Kò pariwo. "Mo mọ Sarmad láti ọjọ́ tó ti wá sí òpópónà yìí. Òpè kọ́."

Tiba yíjú sí mi. Mo rò pé á pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Tiba, gbọ́ mi ná…"

"Ìgbà wo?"

"Kó o tó gbà á lọ́wọ́ mi."

"Eyín yẹn ńkọ́?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ó rí ibi tí mò ń wò.

"Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ," ó ní, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí kò yé e. "Lọ́jọ́ Àìkú. Lánàá nínú àgọ́. O ní kò sí nǹkan."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ti yọ fóònù ẹ̀. Ẹni tó kí mi ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni.

Ọ̀gá Hagop na ọwọ́ sí pẹpẹ ẹ̀yìn ẹ̀, ó fa bọ́ọ̀dù kan yọ. "Èyí bá tìẹ mu. Lọ lò ó. Tó o bá ṣe tán, ká tó sọ̀rọ̀ owó." Ó to gbogbo ẹ̀ níwájú wa, ó tan iná sí i. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán ti yọ lójú síkírínì. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Tiba gbé e, ó lọ. Kò wò mí.

Ó yà á láti ọ̀sán Ọjọ́rú di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kò fojú kan oorun. Ẹni tó sọ fún mi ní ìka ẹ̀ ti wú. Ó débẹ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Akọ̀wé wọn ní iṣẹ́ ẹ̀ dára gan-an, ó dára ju ti ẹni tí wọ́n mú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú ti fọwọ́ síwèé láago méjìlá.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi sì ti gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá Sinan. Mo rò pé òun ni mo fẹ́ bú. Mo ní òun ló sọ pé kí n ta arúgbó bọ́ọ̀dù fáwọn èèyàn.

"Mo ní kí o tà á," ó ní. "Ẹni tí púrósẹ́sọ̀ ẹ̀ ti gbó bíi tirẹ̀ ló yẹ kí o tà á fún. Wọ́n pọ̀ ní ìlú yìí. Ṣé èmi ni mo ní kí o tẹ eyín wọ́?" Ó kọjú síta. "Ká ní o gbé e wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú ni, ǹ bá bú ẹ, ǹ bá sì pààrọ̀ ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo bi ẹ́, àbí mi ò bi ẹ́? Gbé báàgì ẹ, Sarmad."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè mí ní Ẹnjiníà.

Fídíò inú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Hagop ti tàn kálẹ̀ kí n tó délé. Mo kọ èyí tó jẹ́ òótọ́ sójú-ewé mi, mo dárúkọ ara mi bí mo ṣe ń dárúkọ àwọn ẹlòmíràn. Mo kọ ọ́ pé sójà náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ má rò pé ìgboyà ni. Àṣírí ti tú ná kí n tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, mo ti ojú-ewé náà pa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ to kọ̀ǹpútà, ẹ má wo iye eyín. Ẹ wá orúkọ púrósẹ́sọ̀ yín nínú ìwé tí àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù fi síta. Ẹ má sì gbé e kúrò lórí káńtà láìrí àwòrán, kódà kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló tò ó. Ní pàtàkì tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ̀yin bíi tèmi tẹ́ ẹ ń bínú nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wá, mi ò ní kẹ́ ẹ má bínú. Ìyà náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ mo ti rí i pé ìbínú mi mọ irọ́ pa, ó sì mọ̀ ọ́n pa ju ẹnu mi lọ.

Mo padà sí àgọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí, kò sẹ́ni tó lé mi, kò sẹ́ni tó kí mi. Tiba ló di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ohùn ẹ̀ kò le, àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń dákẹ́ láti gbọ́ ọ.

"Ta ló gba ọjọ́ ayé wa lọ́wọ́ wa?" ó béèrè.

"Àwọn olè!" ni gbogbo àgọ́ dáhùn.

Mi ò dáhùn.

Ó rí mi lókèèrè. Ó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lẹ́nu díẹ̀, ó tún gbé e sókè.

"Ta ló gbà á?"

"Àwọn olè!"

Ó bi wá lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn dáhùn, kò bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Ó dúró. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, wọ́n ń wo ibi tí ojú ẹ̀ wà, orí ń yí padà sí ẹ̀yìn ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ó dúró títí mo fi la ẹnu dáhùn ìbéèrè náà.